Ta Ló Ni Ìta?

Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó gbé rédíò súnmọ́ ìdí ààrò díẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, kó bẹ dírẹ́bà kó má tíì yí i kúrò níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo wa, torí kò sí ẹni tí kì í jáde nílé.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: ta ló ni ìta?

Àwa Ìjẹ̀bú mọ iyì ìta. Ẹ wo ọjà Ìta-Osu àti Ìta-Ale ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìta ló ṣíwájú nínú orúkọ wọn. Ìta ni ibi tí a ti ń ná ọjà. Ìta ni àwọn àgbà ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni ìyàwó ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni a ń gbé òkú gbà. Bí ọba bá ń jó lọ́jọ́ ọdún, ìta ló ti ń jó. Ilé lè jẹ́ tèmi, ilé lè jẹ́ tìrẹ, ìta jẹ́ ti gbogbo wa.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí lónìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì kan, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ̀ ti kún. Dírẹ́bà ti san gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó san. Bó ṣe fẹ́ ṣíná báyìí, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yọ sí wa. Ọ̀kan ki ọwọ́ bọ fèrèsé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Èkejì di wáípà mú, ó ṣẹ́ ẹ. Wọ́n ní owó àwọn dà? Màmá àgbà kan wà níwájú mi tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé itan. Màmá yìí ló tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ owó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbà, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n gbà á. Wọn ò dúpẹ́.

Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Mo tẹjú mọ́ fóònù mi, kò sì sí ohun kan tí mo ń kà níbẹ̀.

Ohun tó ṣì ń dùn mí títí di òní kì í ṣe owó yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí gáréèjì ti fi wá sílẹ̀, ìgbà náà ni ẹnu gbogbo wa ṣí. Ẹnì kan ní ìjọba ló fà á. Ẹnì kan ní òun ìbá gbá ọmọ náà létí. Gbogbo wa di akọni lójú ọ̀nà. Màmá alápẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò sọ nǹkan kan.

Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣírò. Mẹ́rin ni wọ́n, mẹ́rìnlá ni wá. Báwo ni mẹ́rin ṣe borí mẹ́rìnlá? Ṣé agbára ni? Rárá o. Àwọn mẹ́rin yẹn jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Àwa mẹ́rìnlá jẹ́ èèyàn kan, èèyàn kan, èèyàn kan, lọ́nà mẹ́rìnlá. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ọmọ náà gbọ́ òwe yẹn, wọ́n sì lò ó. Àwa tí a ń pa á ni a kò lò ó.

Mo tún un sọ: kì í ṣe agbára wọn ló gba ìta lọ́wọ́ wa. Àdádúró wa ni.

Ìwà jàǹdùkú yìí pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ẹni tó bá ń kọ́lé mọ̀ ọ́n: o kó yanrìn dé, wọ́n dé láti gba owó ìpìlẹ̀, o fẹ́ kan páànù, wọ́n tún dé láti gba owó òrùlé. Ọmọbìnrin tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ mọ̀ ọ́n: àwọn kan jókòó sórí ògiri lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè é, bí kò bá dáhùn, èébú tẹ̀ lé e dé ilé. Ìdí nìyí tó fi ń gba ọ̀nà tó jìn. Bàbá tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí jọ́ìntì àwọn amugbó mọ̀ ọ́n: agogo méje alẹ́ ló ń ti ìlẹ̀kùn báyìí, nígbà tó jẹ́ agogo mẹ́wàá ló ń tì í tẹ́lẹ̀. Wọn ò lù ú. Wọn ò ja ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wíwà tí wọ́n wà níbẹ̀ nìkan ti gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, olè ni ìyẹn náà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fi ẹ̀rù lé ọ gba ọ̀nà ẹ̀yìn ti jí ẹ̀tọ́ yẹn lápò rẹ.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn náà wà lára àwọn tó gba ìta lọ́wọ́ wa. Ibo ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọlé? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń bá jà nígbà náà ni ìgbéraga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ara wé òyìnbó amúnisìn. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí àdá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń yọ. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Ayé lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Benin. Ìjà ta ló ju ta lọ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ẹ̀ṣẹ́ di ọ̀bẹ, ọ̀bẹ di ìbọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999. Lóru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni wọ́n pa. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Áfríkà, wà lára àwọn tó kú. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró lòdì sí àwọn ẹgbẹ́ yẹn ní gbangba.

Nígbà náà, a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tí kò bá ní ọmọ ní yunifásítì a gbé orí rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, a sùn. Lónìí ńkọ́? Ẹgbẹ́ òkùnkùn ti jáde nínú ọgbà. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní Ṣágámù lọ́dún 2023, Ayé àti ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Ẹyẹ kọlu ara wọn, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn sì ń sá tilẹ̀kùn lójú ọ̀sán. Ṣé ẹ rí ọjọ́ 7 oṣù Keje? Lọ́dọọdún tó bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọlọ́pàá á máa kìlọ̀, àwọn ìyá á máa há ọmọ mọ́lé, torí ọjọ́ náà làwọn Ayé fi ń ṣe ọdún. Òwe wa sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, láti ọdún 1982 tí yunifásítì ti wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ilé háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí mò ń sọ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ tuntun. Wọn kì í fi ìbọn hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oúnjẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un. Wọ́n á bá a wá yàrá. Bí ẹnì kan bá yẹ̀yẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbèjà rẹ̀. Ọmọ á rò pé òun ti rí ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tó bá yá ni wọ́n á ní kó wá san gbèsè gbogbo oore yẹn, lóru, nínú igbó. Ẹni tó bá sì ti wọ ibẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ ní gáréèjì náà ní ẹni tó ń jíṣẹ́ owó fún. Bí kò bá mú owó dé, òun ni wọ́n máa nà.

Mo fẹ́ ká dúró lórí orúkọ kan díẹ̀. Kí ni à ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí? À ń pè wọ́n ní ọmọ ìta. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́ dáadáa. Ọmọ ìta. Ṣé ìta ló bí wọn ni? Ta ló rí ìta tó lóyún rí? Gbogbo ọmọ ìta pátá ló ní ilé tó ti jáde. Ó ní ìyá tó pọ̀n ọ́n. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí àdúgbò jẹ oyin, tí wọ́n jẹ iyọ̀. A ti fi ìta sílẹ̀ fún ọmọ, a sì ti fi ọmọ sílẹ̀ fún ìta, a wá ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wo Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ẹ wo bí àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ṣe ń jáde, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú ìlù rẹ̀. Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní ọdún 2025, ló mú ètò régbérégbé sọjí. Kí ni àwọn ọmọ régbérégbé ń rí níbẹ̀? Wọ́n ń rí orúkọ. Wọ́n ń rí àwọ̀ aṣọ tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n ń rí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ṣìnà. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ òkùnkùn: wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní àwọ̀ aṣọ, wọ́n ní orin, wọ́n ní ìkíni. Ebi kan náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ ní ẹgbẹ́ bí ó ṣe fẹ́ jẹun. Bí a kò bá rán aṣọ ẹgbẹ́ fún un, ẹlòmíràn á rán an fún un. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ ńlá ńlá, tí ẹ ń náwó sórí aléjò àti ẹran, mo bẹ̀ yín: ọmọkùnrin mélòó ní àdúgbò yín ni ẹ ti pè wọlé, tí ẹ ní kó wá gbé ìlù, kó wá to àga, kó wá gba bọ́ọ̀lù lórúkọ yín?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000, ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá ń ti láíbìrì bọ̀ wálé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Dámilọ́lá Taylor ni orúkọ rẹ̀. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó ti Nàìjíríà dé ibẹ̀. Wọ́n gún un lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ tó fi kú lórí àtẹ̀gùn ilé. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá àwọn tó pa á lẹ́bi ní 2006, a rí i pé ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọmọdé pa ọmọdé. Bàbá Dámilọ́lá, Richard Taylor, ì bá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí kó máa sunkún, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀bẹ ti mọ́ lọ́wọ́, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà pa ọmọ ẹlòmíràn.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú sílẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà rántí wẹ́tìẹ̀ ní ọdún 1965, bí wọ́n ṣe ń da epo sí ilé àti sí ara èèyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ta ló kó epo fún àwọn ọmọ? Títí di òní, bí ìbò bá dé, àwọn kan á kó ọmọ jọ, wọ́n á fún wọn lówó àti ohun ìjà. Bí ìbò bá lọ, wọn kì í padà wá gba ohun ìjà. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ eérú tí wọ́n dà yìí, ojú wa ló ń fẹ́ sí.

Ó dáa, kí la máa ṣe? Ṣé ká gbé pọ́ńpọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn kòrónà, ìròyìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Awawa àti One Million Boys gbòde. Láti Agége títí wọ Ọ̀tà àti Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa, àwọn èèyàn dá iná táyà lójú títì, wọ́n sì ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Ohun rere kan ti ibẹ̀ wá: àwọn tó ti gbé àdúgbò kan náà fún ọdún mẹ́wàá láìkí ara wọn wá mọ orúkọ ara wọn. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, àlejò tó ń lọ jẹ́jẹ́ a máa jọ olè lójú ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ṣé ẹ rántí Aluu, nítòsí Port Harcourt? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní olè. Àwọn èèyàn lù wọ́n, wọ́n sì sun wọ́n. Wọn kì í ṣe olè. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ṣágámù, ní oṣù Kejì ọdún 2020, Tiyamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá SARS mú un. Ìlú dàrú, ó sì yẹ kó dàrú. Torí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó di irun dàda ni jàǹdùkú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó yọ etí ṣòkòtò ni ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìwà ni ká wò. Ẹni tó gba owó tipátipá, ẹni tó lu èèyàn, ẹni tó halẹ̀, ìyẹn ni kí ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Òfin wà o. Ní 2016, nígbà Gómìnà Ibikunle Amosun, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó de àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀, àwọn ajínigbé àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn, ìyà inú rẹ̀ sì le gan-an. A ní ọlọ́pàá. A ní àwọn ẹ̀ṣọ́ So-Safe. A ní Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Àmọ́ òfin kò lè fúnra rẹ̀ lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Èèyàn ló ń jẹ́rìí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé, "Bí mo bá lọ sọ, wọ́n á dárúkọ mi, àwọn ọmọ náà á wá mi wálé." Òótọ́ ni, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Kí ẹjọ́ má jẹ́ ti ìyá ọlọ́jà kan. Kó jẹ́ ti ọjà. Kó má jẹ́ ti dírẹ́bà kan. Kó jẹ́ ti gbogbo onílé àdúgbò, ní ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kí ẹ kó o lọ sí ààfin àti sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ pọ̀ débi tí àga kò ní kárí yín. Ta ni wọ́n fẹ́ wá wálé nígbà náà?

Màá fi ọ̀rọ̀ ọjà kan parí rẹ̀, ọjà kékeré kan ní agbègbè wa. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń wá gba owó níbẹ̀ lálaalẹ́. Ìyálọ́jà pe àwọn obìnrin jọ. Ó ní kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí wọ́n má bú ẹnikẹ́ni. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá dúró ní ìsọ̀ ẹnì kan, kí gbogbo ọjà dìde dúró. Kí wọ́n ṣáà dìde. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ àgbà tó jókòó tó gbójú sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ náà fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba owó. Ní alẹ́ kejì, wọ́n tún gbà á. Ní alẹ́ kẹta, bí gbogbo wọn ṣe dìde, ìyá alálùbọ́sà kan wo ọ̀kan nínú wọn títí, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ Ràmọ́tà tí mo wẹ̀ nígbà ìkómọ?" Ọmọ náà kò dáhùn. Ó yí padà, ó lọ.

Ọmọ yẹn ti ń kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà báyìí. Àwọn obìnrin ọjà ló dá owó tí wọ́n fi mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ṣì wà ní ìta. Nígbà tí mo bi Ìyálọ́jà léèrè wọn, ó dárúkọ wọn fún mi, ó dárúkọ ìyá wọn, ó sì sọ ilé tí wọ́n ti jáde.